Àyẹ̀wò DNA àti ìjà lórí orírun àwọn ọba àtijọ́: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Ẹ̀pẹ́ àti ìdáhùn mi

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì bí mi sí. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, ọmọ àwọn tó tẹ̀ lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá síbí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé e kúrò ní Èkó ní oṣù December 1851. Nítorí náà, bí ìjà "ta ló kọ́kọ́ dé" bá bẹ́ sílẹ̀, etí mi méjèèjì ló ń gbọ́ ọ. Ìjà náà ti pẹ́. Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé èsì àyẹ̀wò DNA, ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ni wọ́n fi ń jà á báyìí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ àti àwọn ìbátan mi kì í jẹ́ kí WhatsApp mi sinmi. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jù lọ jọ, kí n lè dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló mú yín kọ èyí?

Ìpàdé ẹbí ìyá mi kan lẹ́yìn Iléyá ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbé lókè òkun dìde, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ní òun ti tutọ́ sínú ike, òun ti fi ránṣẹ́, èsì sì ti dé. Ó ka ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún jáde fún wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tó gbà á lọ lẹ́yìn èyí: ó ní èsì náà fi hàn pé Bìnì pọ́ńbélé ni àwọn ọba wa, pé wọn kì í ṣe Yorùbá rárá, àti pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tó ń pe ara wọn ní onílẹ̀ kò bá tiwa tan.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti ń ta ẹja ní ọjà Olúwo láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọgọ́ta ọdún tó ti jẹ́ ìyàwó ilé wa. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó jáde. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. N kò lè gbàgbé bó ṣe rìn lọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ kò ní èrò ibi, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ lẹ́yìn tó ka àwọn ìdá yẹn tán kò sí nínú èsì tó mú dání.

Kí wá ni DNA lè sọ ní tòótọ́?

Ó lè sọ ẹni tó bá ọ tan. Ó lè sọ bóyá ọkùnrin kan ló bí ọmọ kan tàbí òun kọ́. Ó lè sọ bóyá AS ni ọ́ tàbí AA. Bí wọ́n bá fi ti ènìyàn méjì wé ara wọn, ó lè sọ bí ó ti pẹ́ tó, ní ìfojúbù, tí baba tàbí ìyá ńlá tó pa wọ́n pọ̀ ti gbé láyé. Ó tún lè fi ọ́ wé àwọn tí itọ́ wọn ti wà nílé ilé-iṣẹ́ tó ṣe àyẹ̀wò náà, kí ó sì sọ àwọn tí o jọ jù nínú wọn.

Kò lè sọ èdè tí baba ńlá rẹ ń sọ, orúkọ tó ń pe ìlú rẹ̀, òrìṣà tó ń bọ, tàbí ẹni tó dé e ládé. Kò sí ibì kankan nínú DNA tí wọ́n kọ "Yorùbá" sí, tàbí "Ẹ̀dó", tàbí "Lárúbáwá". Ènìyàn ló ń fi orúkọ wọ̀nyẹn lé e lórí lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti parí, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìlò ti ń wọlé.

Wọ́n ní kúrómósómù Y ni "ìlà ọba". Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Apá DNA tí ọkùnrin nìkan ní ni kúrómósómù Y. Bàbá ló ń fi í fún ọmọkùnrin rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà yí padà bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè tọ ipa rẹ̀ dé ibi tó jìnnà. DNA mìíràn wà, ìlà ìyá, tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi í fún ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin nìkan ló ń gbé e lọ fún ìran tó kàn. Ọ̀nà méjì péré nìyẹn, àwọn ọ̀nà tó kù kò lóǹkà.

Ẹ mú bébà kí ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Òbí rẹ jẹ́ 2. Òbí wọn jẹ́ 4. Òbí tiwọn jẹ́ 8. Bí o bá ka ìran mẹ́wàá sẹ́yìn, ààyè 1,024 ló wà. Bí o bá dé ogún ìran, ó di 1,048,576. Ogún ìran, bí a bá ní kí ìran kan jẹ́ ọdún 25 sí 30, á gbé wa padà sí nǹkan bí 500 sí 600 ọdún sẹ́yìn. (Lóòótọ́, ẹnì kan náà lè jókòó sí ààyè púpọ̀ nínú wọn, nítorí ìbátan máa ń fẹ́ ìbátan láìmọ̀.) Ìlà Y jẹ́ ẹyọ ọ̀nà kan nínú gbogbo ìyẹn. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá fi ìlà Y nìkan sọ ẹni tí òun jẹ́ ti yọ ìyá tó bí i kúrò nínú ìtàn, ó ti yọ ìyá bàbá rẹ̀, ó sì ti yọ gbogbo ilé tí àwọn ìyá yẹn ti wá.

Ohun mìíràn tún wà tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ìran bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè jẹ́ baba ńlá rẹ lóòótọ́, lórí ìlà tí ẹnikẹ́ni kò lè jà sí, kí ó má sì sí ẹyọ kan DNA rẹ̀ lára rẹ mọ́. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò kò bá rí ọba kan lára ọmọ rẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di àjèjì.

Ṣé DNA lè parí ọ̀rọ̀ Aṣípa, olórí àkọ́kọ́ nínú ìtàn àwọn ọba Èkó, bóyá Bìnì ni àbí ará Ìṣẹrí?

Èyí ni wọ́n ń bi mí jù, nítorí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ ka ara wọn sí ọmọ Èkó títí dòní. Ìtàn Bìnì sọ pé ọmọ ààfin Bìnì ni Aṣípa, tí Ọba rán wá jẹ olórí ní Èkó. Ìtàn Èkó mìíràn sọ pé ará Ìṣẹrí ni, Àwórì, tó gbé òkú ọ̀gágun Bìnì kan padà lọ sílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí Ọba Bìnì sì fi oyè ta á lọ́rẹ. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn méjèèjì gbà pé ọwọ́ Ọba Bìnì ni àṣẹ ti wá. Ibi tí wọ́n ti bí ọkùnrin yẹn ni ìjà wà.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká sọ pé a kó àwọn ọkùnrin ìdílé ọba jọ lónìí, a gba itọ́ wọn, ìlà Y gbogbo wọn sì bára mu láìkù síbì kan. Ìlà ta ni a rí? Lẹ́yìn Aṣípa ni Adó jọba. Àwọn ọmọ Adó, Gàbáró àti Akinsẹ́mọ́yìn, jọba tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, adé bọ́ sórí Ológun Kútere. Ológun Kútere kì í ṣe ọmọ ọkùnrin kankan nínú wọn. Ọmọ Erelú Kútì ni, ọmọbìnrin Ọba Adó, ẹni tó fẹ́ babaláwo kan tí wọ́n ń pè ní Aláàgbà. Ológun Kútere yìí ló bí Òṣínlókun, Adélé àti Akíntóyè. Òṣínlókun ló bí Kòsọ́kọ́ wa. Akíntóyè ló bí Dòsùnmú.

Ẹ ti rí i báyìí. Ìlà Y tó wà lára àwọn ọba tó ti ibẹ̀ ṣẹ̀ wá, babaláwo nì ló ni ín. Aṣípa kò sí nínú rẹ̀, yálà Bìnì ló ti wá tàbí Ìṣẹrí. Ẹni tó bá gba itọ́ lọ́wọ́ ọmọ Kòsọ́kọ́ láti fi wá Aṣípa ń wá ẹja nínú igbó. Èkó fúnra rẹ̀ gbà kí adé gba ọwọ́ obìnrin kọjá, kò sì sí ẹni tó lé Ológun Kútere kúrò lórí ìtẹ́ nítorí rẹ̀. Bí àwọn tó ń fi Y ṣe òṣùwọ̀n bá wà níbẹ̀ nígbà náà, wọn ì bá ti lé odidi ìdílé ọba kúrò nínú ààfin ara wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí dé ọkàn, nítorí obìnrin ni wọ́n ń pa rẹ́ nínú rẹ̀, obìnrin tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí oyè rẹ̀ ṣì wà ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká tún fi ti aládùúgbò kún un. Nínú iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní 1000 Genomes, tí wọ́n fi ka DNA àwọn ènìyàn láti káàkiri ayé, tó parí ní 2015, Yorùbá 108 láti Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ẹ̀sán 99 sì wà níbẹ̀. Ìbátan Ẹ̀dó ni èdè Ẹ̀sán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kéré púpọ̀. Ìran tó ti ń fẹ́ ara wọn, tó ń bá ara wọn ná ọjà, tó sì ń bá ara wọn jagun fún ẹgbẹ̀rún ọdún, báwo ni ìyàtọ̀ wọn yóò ṣe pọ̀? Kò sí ògiri nínú ẹ̀jẹ̀ níbi tí àwa ti fi ààlà sórí ìwé.

Mo rí i pé ìlà Y Ramesses III, Fáráò Íjíbítì, jẹ́ ẹ̀ka E1b1a, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ṣé Íjíbítì ni a ti wá nìyẹn?

Rárá o. Lóòótọ́, ní 2012, àwọn tó yẹ òkú Fáráò yẹn wò fi ìṣirò sọ pé ó jọ pé ẹ̀ka yẹn ló wà. Ẹ̀ka yìí, tí wọ́n tún ń pè ní E-M2, ló wọ́pọ̀ jù láàárín ọkùnrin láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé gúúsù Áfíríkà: Yorùbá, Ìgbò, Àkán, Súlù. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lọ. Kí Íjíbítì tó ní Fáráò kankan ló ti wà. Bí ìwọ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá ní imú kan náà, a kò ní sọ pé òun ló bí ọ. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà yín ni ẹ̀yin méjèèjì ti mú un. Bí a bá tilẹ̀ gba èsì yẹn gbọ́ pátápátá, ohun tó lè sọ kò ju pé baba ńlá kan wà fún gbogbo wa nígbà tí ọ̀rọ̀ Íjíbítì àti Ifẹ̀ kò tíì sí.

Lámúrúdu àti Mẹ́kà ńkọ́? Wàdáì tí àwọn Ìjẹ̀bú ń sọ ńkọ́?

Ìtàn ni wọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bàbá Samuel Johnson kọ ti Mẹ́kà sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, ti Wàdáì, ní ìhà ilẹ̀ Chad òní, sì wà lẹ́nu àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ẹni tí ìdílé ọba kan fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́: ẹni ńlá, ẹni ẹ̀sìn, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwa nìkan kọ́. Àwọn ọba Séfúwà ní Kánẹ́mù àti Bọ̀rọ̀nú sọ pé ọmọ Sayf ti Yẹ́mẹ̀nì ni àwọn.

Àwọn kan wá ń mú ẹ̀ka Y kan tó ń jẹ́ R1b-V88, tó pọ̀ lẹ́bàá Adágún Chad, wọ́n ní òun ni ẹ̀rí pé àwọn ọba apá àríwá wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá. Ẹ̀ka yẹn ti wà ní Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kí Séfúwà tó jọba. Apẹja ní í, darandaran ní í, àgbẹ̀ ní í. Kò mọ ààfin.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ lẹ ni Erédò. Ṣé kì í ṣe Ayaba Ṣẹ́bà ló gbẹ́ ẹ?

Bílíkísù Súngbọ́, ẹni tí àwọn kan ní òun ni Ayaba Ṣẹ́bà, ni ìtàn sọ pé ó gbẹ́ ẹ, ibojì rẹ̀ sì wà ní Òkè-Erí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ gbàdúrà títí dòní. Ẹni tí kò bá tíì rí Erédò, kí ó wá. Kòtò àti òkìtì ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 160 kìlómítà yí ká, tí àwọn ibì kan sì ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ, mo máa ń kó wọn lọ síbẹ̀. Wọn kì í pariwo níbẹ̀, ọmọ tó ń ṣe wàhálà jù nínú kíláàsì pàápàá a dákẹ́.

Àwọn awalẹ̀pìtàn tó yẹ èédú inú ilẹ̀ ibẹ̀ wò fi iṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn 1370, nítòsí 1400. Ayaba tó lọ kí Sọ́lómọ́nì ti gbé láyé ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún ṣáájú ìyẹn. Kò sí DNA tó lè dí àlàfo yẹn. Síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó fi àyẹ̀wò ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú hàn mí, tó ní "ìdá 1 nínú 100 Lárúbáwá" tó wà nínú rẹ̀ ni Ṣẹ́bà. Ìdá kan péré sábà máa ń jẹ́ àṣìṣe ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà ni. Ohun tó sì ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, wọ́n gbé e fún àlejò.

Kì í ṣe òní ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius láti Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ àti idẹ ṣe, ó sì ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì, ló ṣe é, nítorí kò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe irú rẹ̀. Lónìí, a mọ̀ láti inú ilẹ̀ Igbó Olókun pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe dígí fúnra wọn, wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Frobenius kò ní DNA. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbọ́ àwọn kan lónìí, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Kí ló dé tí wọn kò hú egungun àwọn ọba wa kí ọ̀rọ̀ parí?

Àkọ́kọ́, ibi tí ọba sùn sí kì í ṣe oko. Ó ní àwọn tó ni ín.

Èkejì, ooru àti ilẹ̀ wa kò ṣojúure sí DNA. Ní ilẹ̀ òtútù, ó lè pẹ́ lára egungun. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì kan bíi tiwa, egungun fúnra rẹ̀ lè jẹrà tán.

Èkẹta, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, ó lè má dáhùn ìbéèrè yín. Ní Shum Laka, ibi àpáta kan ní ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, wọ́n rí DNA lára egungun ọmọdé mẹ́rin, méjì láti nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, méjì láti nǹkan bí 3,000. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Agbègbè yẹn ni àwọn onímọ̀ èdè gbà pé èdè Bàntú (bíi Súlù àti Swahili) ti tàn ká. Ẹ̀yin náà yóò rò pé àwọn ọmọ yẹn á jọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí. Wọn kò jọ wọ́n. Àwọn ọlọ́dẹ inú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n sún mọ́ jù. Ilẹ̀ kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ mìíràn ló ti gbé orí rẹ̀. Egungun Ìwó Elérú tó wà nítòsí Àkúrẹ́, tí wọ́n wà jáde ní 1965, lé ní 11,000 ọdún. Ta ló fẹ́ sọ èdè tí ẹni yẹn sọ?

Wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ òyìnbó ṣá, ó sì yanjú. Àbí?

Ó yanjú ohun kan, ó dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi èyí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àpẹẹrẹ wá bá wa.

Ní Hungary, wọ́n rí egungun Ọba Béla Kẹta ní Székesfehérvár ní 1848. Ó kú ní 1196, ọmọ Árpád, ìdílé ọba Hungary ìgbà náà, ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ́ wò, ìlà Y rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka R1a kan tó sún mọ́ ti àwọn Bashkir tó ń gbé lẹ́bàá òkè Ural. Ìyẹn bá ìtàn mu pé ìlà-oòrùn ni ìdílé náà ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan fò síta, wọ́n ní ó ti hàn pé Tọ́kì ni odidi àwọn ará Hungary, pé irọ́ ni àwọn onímọ̀ èdè ń pa. Ìlà Y ọba kan kò lè yí èdè odidi orílẹ̀-èdè padà: èdè wọn ṣì jẹ́ ìbátan Khanty àti Mansi ní Siberia. Kódà, Béla fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọba Kyiv ni ìyá rẹ̀. Ará Serbia ni ìyá bàbá rẹ̀. Ará Kyiv ni ìyá bàbá àgbà rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù lára ọba Hungary yìí kò ti inú ìlà Árpád wá, síbẹ̀ ọba Hungary ni.

Ní Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ Rurik ni. Ìwé ìtàn àtijọ́ wọn sọ pé ní 862 ni wọ́n pè é wá láti òkè òkun kó wá jọba lé àwọn lórí. Ó ti lé ní 250 ọdún tí wọ́n ti ń jà bóyá ará Scandinavia ni tàbí Slav. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, àwọn ọmọ aládé tó ń pe ara wọn ní ìran Rurik pín sí méjì: àwọn kan jẹ́ ẹ̀ka N, àwọn kan jẹ́ R1a. Lójú ẹsẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú èyí tó bá ìfẹ́ rẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí nínú ẹ̀ka méjèèjì tó jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì ti wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní ará Rọ́ṣíà tàbí Swídìn.

Ti Genghis Khan, ọba ajagun àwọn Mongol, ni ẹ ti gbọ́ jù. Ní 2003, wọ́n rí ìlà Y kan tó wà lára nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ọkùnrin ní apá ńlá kan ní Éṣíà, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ayé gbé e. Ṣùgbọ́n ibojì Genghis Khan kò tíì sí ẹni tó rí i. Kò sí ẹni tó ní DNA rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un wò ní 2018, ó jọ pé ìlà náà ti dàgbà jù ú lọ, pé ti àwọn mẹ̀kúnnù Mongol ni. "Ó ṣeé ṣe" ni àwọn onímọ̀ kọ. Àwọn tó ń kà á ló sọ ọ́ di "òun ni".

Èyí tó yẹ kó kọ́ gbogbo ìdílé ọba lẹ́kọ̀ọ́ ni ti Richard Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó kú sójú ogun ní 1485. Wọ́n rí egungun rẹ̀ ní 2012 lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Leicester. Ìlà ìyá bá ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà láyé mu. Ìlà bàbá kò bá mu: àwọn ọkùnrin márùn-ún tí ìwé ìdílé sọ pé wọ́n ti baba ńlá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ wá, kò sí ọ̀kan tí Y rẹ̀ bá ti Richard mu. Ẹnì kan níbì kan kì í ṣe ọmọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ìdílé tí wọ́n ń kọ gbogbo ìbí àti ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ nìyẹn o. Kò sì sí ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ṣé ó wà ní Áfíríkà níbi tí DNA ti jẹ́rìí sí ìtàn pé àlejò ni àwọn ọba?

Ó wà, mi ò sì ní fi pamọ́ nítorí pé kò bá ohùn mi mu. Ní etíkun Swahili, ní Kẹ́ńyà àti Tanzania, ìtàn àtijọ́ sọ pé àwọn ọmọ aládé Ṣírásì láti Páṣíà ló dá àwọn ìlú sílẹ̀. Ní 2023, wọ́n gbé èsì DNA àwọn òkú 80 jáde, láti nǹkan bí 1250 títí dé 1800. Ìlà ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Áfíríkà pátápátá. Ní ìlà bàbá, ti Páṣíà pọ̀, àdàlù náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1000. Nítorí náà, ìtàn Ṣírásì kì í ṣe àròsọ lásán.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn kan fi ṣe: wọ́n ní ó ti hàn pé àwọn Páṣíà ló kọ́ àwọn ìlú yẹn. Àyẹ̀wò náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Shanga, ìlú kan ní etíkun yẹn, àwọn ènìyàn ti ń kọ́ mọ́sálásí onígi láti ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ń parí lọ, ṣáájú àdàlù yẹn. Èdè Áfíríkà ni wọ́n ń sọ, Bàntú ni. Àwọn ìyá tó ni ilé ni àwọn àlejò fẹ́, àwọn ọmọ sì sọ èdè ìyá wọn.

Èsì mi ní ìdá 40 "Nàìjíríà" àti ìdá 30 "Benin àti Togo". Ṣé ìdá 30 yẹn ni Bìnì?

Rárá! Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ń sọ, èyí tó ń jẹ́ Dahomey títí di 1975. Kì í ṣe Ìlú Bìnì ní Ẹ̀dó. Àṣìṣe tí ọmọ wa ṣe ní ìpàdé ẹbí gan-an nìyí.

Orúkọ orílẹ̀-èdè òde òní sì ni wọ́n fi ń pe ẹ̀jẹ̀ ayé àtijọ́. Yorùbá wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní Benin. Ẹ̀gùn wà ní Àgbádárìgì, ní Nàìjíríà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kó itọ́ tuntun wọlé, ìdá yín á yí padà láìjẹ́ pé ẹ tún tutọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ Yorùbá fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí DNA kan tó ṣáájú 1000 Genomes, 90 ènìyàn láti ọgbọ̀n ìdílé, kìlọ̀ pé kí a máa pè wọ́n ní "Yorùbá ní Ìbàdàn", kí a má sọ pé Yorùbá lápapọ̀ ni wọ́n. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èsì sókè ní ìpàdé máa rántí ìyẹn.

Ṣé kí n fi itọ́ mi ránṣẹ́?

Tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé itọ́ rẹ ń sọ̀rọ̀ nípa àbúrò rẹ àti ọmọ rẹ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ wọn kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú àkọsílẹ̀ 23andMe, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àyẹ̀wò itọ́, ọ̀rọ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn sì bọ́ síta. Ní March 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé àwọn ti wọ gbèsè.

Bí ẹnìkan bá tún gbé èsì dìde ní ìpàdé, kí ni kí a bi í?

Ẹ bi í pé itọ́ ta ni. Ẹ bi í pé ìlà wo ni wọ́n yẹ̀ wò, ti bàbá nìkan ni àbí gbogbo rẹ̀. Ẹ bi í pé àwọn wo ni wọ́n fi í wé. Ẹ bi í pé ọdún mélòó ni ẹ̀ka tó ń dárúkọ ti wà láyé, àti pé ọdún mélòó ni ọba tó ń sọ ti jẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí ó fi ibi tí wọ́n ti kọ ohun tó sọ yẹn hàn yín nínú èsì, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú sùúrù. Ọmọ ẹni ni.

Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ńkọ́?

Wọ́n wà. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní orúkọ ẹbí. Wọ́n ní kí n dìde. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Oríkì ilé ìyá mi ni wọ́n ń kì, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bá Kòsọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá títí dé orí ọkọ wọn. Nínú àwa tí wọ́n bí sínú ilé náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dé ìdajì. Ọmọ wa tó wà lókè òkun ti pè wọ́n, ó ti tọrọ àforíjì, ó sì ti ní kí n fi ohùn náà ránṣẹ́ sí òun. Mi ò tíì fi ránṣẹ́, nítorí kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ kẹsàn-án ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n lọ bu omi wá fún àwọn, kí n sì padà wá lọ́la.